Ẹ̀yìn Ọrun Tí Heulwen Fá

Kò sẹ́ni tó rán Heulwen níṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ kò rán an, ọrun náà fúnra rẹ̀ kò sì bẹ̀ ẹ́. Ìmọ́tótó ló ń dà á láàmú, àìsàn ọjọ́ pípẹ́ ni. Obìnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́ ní Cwmysgawen, níbi tí òjò kì í ti í dá, tó sì tún ń bú òjò bó ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ, kí lẹ rò pé yóò ṣe nígbà tó bá rí ọrun ìtafà tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bàìbàì, tó kún fún àmì dúdú wẹ́wẹ́ bí ẹni pé eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí i?

Ithel ọkọ rẹ̀ ló ni ọrun náà. Non ló ṣe é fún un, Non tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ithel lóbìnrin, oníṣẹ́ ọrun kan ṣoṣo tó kù ní gbogbo àfonífojì yẹn, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí kò lọ́kọ, tí kò sì wá a. Ó wọn apá Ithel, ó wọn àyà rẹ̀, ó ní kó gbé ọwọ́ sókè kó sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi odindi ọdún méjì gbẹ́ ọrun náà lára igi yúù kan tí ìjì wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọrun náà fi ìka mẹ́rin ga ju Ithel lọ. Ẹlòmíràn kò lè fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí kì í ṣe ara ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀n.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Ithel kó àgùntàn lọ sọ́jà. Heulwen gbé ọrun sórí tábìlì ìdáná, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń bó ọ̀dùnkún, ó mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Bó ṣe ń fá a ni igi pupa tó wà lábẹ́ ń yọjú, pupa tó ń dán, tó lẹ́wà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹ wo nǹkan tí àwọn ọkùnrin yìí fi ìdọ̀tí bò mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Ó fá tó ìbú ọwọ́ méjì ní apá òkè kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó wá fi òróró tí wọ́n fi ń pa àga ra gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì gbé e padà sí kọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ithel dé, ó dúró níwájú rẹ̀.

“Ọrun mi ń dán.”

“Mo fi òróró díẹ̀ pa á lára ni.”

“O ṣeun o. Ó dà bí tuntun.”

Ó jókòó, ó dojú kọ oúnjẹ. Irú ọkùnrin tí Ithel jẹ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ gé irun kúrú nígbà kan, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bi í pé ṣé fìlà tuntun ló dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn atafà máa ń pàdé ní pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọrun igi nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé oníirin wá, wọn yóò fún un ní tíì mu, wọn yóò sì sìn ín dé ẹnu géètì. Ithel ta ọfà àkọ́kọ́, ó bà. Ó ta èkejì, ó bà. Nígbà tó fa ẹ̀kẹta dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrun náà dún kẹ̀ẹ́. Kò ṣẹ́ sí méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀là igi kan tó gùn tó ìka àárín ti dìde lẹ́yìn apá òkè, ó dúró síta gbọnrangandan. Ithel rọra dá ọsán padà, ó sì tú u kúrò lórí ọrun.

Dilwyn ló kọ́kọ́ lanu. Dilwyn ló ń pín lẹ́tà kiri àfonífojì, ó sì ń pín ọ̀rọ̀ kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

“Iṣẹ́ Non nìyẹn? Ó mà ṣe o. Ojú ti ń ṣe ìyá yẹn.”

“Ojú wo?” Ithel ní. “Má bú ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ta ló bú u? Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kí lo fẹ́ kó rí? Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Èmi tí mo ti ní kó ṣe ọ̀kan fún mi, n ó lọ sọ fún un pé kó dúró ná.”

Heulwen wà níbẹ̀, ó ń da tíì fún àwọn èèyàn. Ó rí ibi tí ẹ̀là náà ti dìde, ó sì mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ó rò pé igi ló ti gbó.

Ìdí oúnjẹ alẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti so ara rẹ̀ pọ̀ fún un. Ọbẹ̀ ẹran àgùntàn ń tutù níwájú Ithel.

“Kò yé mi,” ó ní. “Non máa ń kọ ọ́ sí mi létí títí ó fi sú mi. Ó ní inú ọrun ló ń gba fífúnpọ̀, ẹ̀yìn ló ń gba fífà. Ó ní igi funfun ẹ̀yìn yẹn, ìpele tí igi hù lọ́dún kan ṣoṣo ni, látorí dé ìdí, kò gbọdọ̀ já níbì kan. Má jẹ́ kí nǹkan kan họ ọ́, ì báà jẹ́ èékánná. Ibi tí wọ́n bá ti gé e, ibẹ̀ ni yóò ti là. Fún ọdún mẹ́jọ, n kò jẹ́ kó fara kan wáyà ọgbà pàápàá.”

Síbí Heulwen dúró láàárín àwo àti ẹnu.

“Funfun yẹn, kì í ṣe èèpo?”

“Èèpo kẹ̀? Òun gan-an ni ọrun.”

Heulwen gbé síbí kalẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ Ithel ti gba ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní bí Non bá fojú kan ọrun yìí, ìbànújẹ́ ni yóò pa á. Ó ní òun kò ní fi hàn án láé, òun yóò sọ pé òun lòun fà á jù. Ó dìde, ó gbé ọrun lọ sí àjà ilé àgùntàn, ó fi koríko gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀. Heulwen sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ̀rù Non ń bà á, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún mọ́kànlélógójì tó ti wọlé ọkọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Non yìn ín, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn gan-an, ajá rẹ̀ ni Non ń yìn.

Ọ̀rọ̀ kì í gbé ibi tí a bá fi í sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọrun tó là díẹ̀ ti di ọrun tó fọ́ yángá, tó kù díẹ̀ kó yọ ojú Ithel. Àwọn ará òdìkejì odò tó ti bẹ Non pé kó ṣe ọrun méjì fáwọn kọ̀wé pé àwọn ò kánjú mọ́. Dilwyn ló mú ìwé náà lọ, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Non fi ṣí i, kó lè rí ojú rẹ̀.

Non fúnra rẹ̀ dá Ithel dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Gbé ọrun yẹn wá kí n rí i.”

“Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ rí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo fà á jù.”

“O ò lè fà á jù. Èmi ni mo wọn apá rẹ.”

“Ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Non wò ó títí. Àánú ló rí lójú àbúrò rẹ̀, àánú yẹn ló sì dá a lápá ju ẹnu Dilwyn lọ. Ó gbà pé iṣẹ́ náà ti burú débi pé wọn ò lè fi han òun. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún oníwàásù, wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, pé káfíńtà kan láti ìlú yóò wá kó gbogbo irinṣẹ́ òun ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní ọwọ́ tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe mọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Heulwen gbọ́. Ọjọ́ Ajé, kò rí oorun sùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fọ àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ń lọ yẹn, orúkọ èèyàn ló ń bàjẹ́, ẹni tó sì bà á jẹ́ ń da tíì kiri. Ojú ara rẹ̀ ń tì í. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mọ́, tí Ithel sì ti jáde, ó gun àjà, ó wú koríko kúrò, ó fi aṣọ ibùsùn wé ọrun náà, ó dorí kọ òkè ilé Non. Ta ni yóò pàdé lọ́nà bí kò ṣe Dilwyn?

“Kí lo gbé yẹn, Heulwen?”

“Ọ̀pá kọ́tìnnì.”

“Ó mà gùn o. Ṣé fèrèsé ààfin ọba lo fẹ́ ta á sí?”

“Dilwyn, lẹ́tà ni wọ́n ní kó o máa pín.”

Ó kọjá lára rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Non jókòó nídìí bẹ́ńṣì rẹ̀ tó ti ṣófo, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ògiri tí irin ìfági àti ọ̀bẹ eléèkù méjì máa ń wà ti wà lásán. Wọ́n ti wà nínú àpótí mẹ́ta lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

“Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí Non.”

“Ta ló kú?” Non ní. Heulwen kì í gun òkè yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìsìnkú.

“Kò sẹ́ni tó kú. Ọrun Ithel ni mo gbé wá.”

Non gba ọrun náà, ó gbé e lọ sídìí fèrèsé. Kò wò ó. Ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìdí, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá ìdìmú, ó wọ apá òkè, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún wá síwájú. Ó kà á lábẹ́ ẹnu, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ìpele igi mẹ́ta tí ọ̀bẹ ti gé kọjá.

“Heulwen.”

“Ẹ̀n, Àǹtí.”

“Ta ló fá ọrun yìí?”

“Èmi ni.”

“Kí lo fi fá a?”

“Ọ̀bẹ ọ̀dùnkún. Àti sáńpépà.”

“Kí ni ọrun ṣe fún ọ?”

“Ó dọ̀tí ni.”

Non jókòó, ó gbé ọrun lé itan. Heulwen ti múra fún èébú. Ó ti há ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta sórí lójú ọ̀nà, ọ̀kan gùn, méjì kúrú. Ẹkún ni kò múra sílẹ̀ fún. Omi ń dà lójú Non, kò sì nù ún.

“Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì,” ó ní. “Mo ń gbẹ́ ọrun yìí lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, lójoojúmọ́, mo ń wá ibi tí mo ti ṣì í. N ò rí i. Mo wá ní bí n kò bá lè rí àṣìṣe ọwọ́ ara mi mọ́, a jẹ́ pé mo ti tán.”

Heulwen kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó há sórí ti fò lọ. Inú ara rẹ̀ bí i, àánú Non sì ṣe é, ó dùn ún wọ egungun.

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Alẹ́ ọjọ́ tó là gan-an ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rù yín ló bà mí.”

“Ẹ̀rù èmi wo? Èmi tí ajá rẹ kì í dìde fún?” Non fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó tún wo ọrun náà. “Ó dọ̀tí. Igi tó ti wà nínú òjò láti ìgbà tí baba ńlá wa kò tíì láya, Heulwen wò ó, ó ní ó dọ̀tí.” Ẹ̀rín sì mú un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ńṣì mú, Heulwen náà sì bá a rín in.

“Ó dáa,” Non ní. “Tú àwọn àpótí yẹn. Mú gọ́ọ̀mù wá, mú òwú wá. Má fọ nǹkan kan.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n fi irun ẹṣin kan ṣoṣo ti gọ́ọ̀mù wọ abẹ́ ẹ̀là igi náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi òwú wé e ní wíwé tímọ́tímọ́, okùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Nígbà tó gbẹ, Non lẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ gbogbo ẹ̀yìn ọrun, kí aṣọ lè máa bá igi gba fífà tí igi nìkan kò lè gbà mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni káfíńtà dé láti ìlú. Heulwen ló lọ ṣílẹ̀kùn fún un, ó fún un ní tíì àti kéèkì elésò, ó ní kó máa lọ, Non ò fi irinṣẹ́ rẹ̀ tọrẹ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fá inú ọrun, kí agbára rẹ̀ lè dín kù. Wọ́n gbé e kọ́ èèkàn ara ògiri, wọ́n so okùn mọ́ ọsán. Heulwen ń fa okùn, Non dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò bóyá apá méjèèjì ń tẹ̀ bákan náà.

“Fà á. Díẹ̀ sí i. Ó tó. Dá a padà. Apá ìsàlẹ̀ ń ya ọ̀lẹ.”

“Èmi ò rí nǹkan kan.”

“O ò ní rí i. Ìwọ sáà máa fà. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń dá fà á, tí mo tún ń dá wò ó, n ò mọ̀ pé ó dùn tó báyìí.”

Heulwen kà á. Ẹ̀kẹta nìyẹn tí Non yìn ín, kò sì sí ajá nítòsí.

“Agbára rẹ̀ yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín,” Non ní. “Igi tó ti fara pa, a kì í di ẹrù àná rù ú. Inú Ithel kò ní dùn.”

“Ẹ jẹ́ kínú ẹ̀ má dùn.” Heulwen di okùn mú. “Àǹtí, ta ni yóò wá sọ fáwọn ará pápá?”

“Kì í ṣe èmi. Ẹnu mi kò ní rojọ́ ìyàwó àbúrò mi láwùjọ. Mo ti mọ̀ pé ọwọ́ mi kò ṣì. Ìyẹn tó mi.”

Kò tó o, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ńṣì ti padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ithel gbé ọrun rẹ̀ jáde. Ìyàwó rẹ̀ kàn sọ fún un pé òun gbé e lọ fún Non, Non sì ti dì í. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Non fúnra rẹ̀ jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tíì. Kò wá láti ọjọ́ tí ọrun ti là.

“Ẹ wò ó,” Dilwyn ní. “Wọ́n ti fi báńdéèjì wé e. Ṣé yóò lè dá rìn délé báyìí?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Non ń wo inú ife rẹ̀.

Heulwen gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

“Dilwyn,” ó ní, “èmi ni mo fá a.”

“Fá kí ni?”

“Ọrun yẹn. Mo fi ọ̀bẹ ọ̀dùnkún fá ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ọrun kò ní àbùkù kankan nígbà tí Non gbé e fún wa. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi bà á jẹ́. Mo mọ̀, mo dákẹ́, mo jẹ́ kẹ́ ẹ máa bú u lójú mi. Ojú Non kò ṣe nǹkan kan. Ojú tèmi ni kẹ́ ẹ máa sọ.”

Àgùntàn kan ké lórí òkè. Gbogbo ojú yí sí Ithel.

“Òróró lo sọ fún mi pé o fi pa á,” Ithel ní.

“Mo fi òróró pa á. Lẹ́yìn tí mo fá a tán ni.”

Ithel ronú sí i. Ó gbé ọrun sókè, ó fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dá a padà. Ó tún fà á.

“Ó ti rọ̀,” ó ní.

“Ṣé inú ń bí ọ?”

“Ọdún méjì rèé tí èjìká ti ń dùn mí, n kì í sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Non pé ọrun tó wọ̀n mọ́ mi lára ti le jù fún mi?”

“O lè fi ẹnu sọ ọ́,” Non dáhùn látorí àga. “Ẹbí wo lèyí? Ẹnì kan ń gbé ọrun sábẹ́ koríko, ẹnì kan ń gbé èjìká sábẹ́ aṣọ, ẹnì kan ń fá nǹkan. Ẹnu tí Ọlọ́run fún yín, ṣé tíì nìkan lẹ fi ń mu?”

Ẹ̀rín bú jáde, Ithel náà rín. Dilwyn nìkan ni kò rín. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sì tètè lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, òjò ń rọ̀ bí ìṣe rẹ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ Non. Dilwyn ni, kò mú lẹ́tà dání. Ó ṣí aṣọ òjò rẹ̀, ó yọ ọrun kan tó ti ṣẹ́ sí méjì. Non ló ṣe é fún un ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, gbogbo àfonífojì ló sì gbọ́ nígbà náà pé olè ti jí i gbé.

“Kí lo ṣe é?” Non bi í.

“Ó kàn dédé ṣẹ́ ni.”

Non bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn.

“Mo fi ń gbọn ápù,” Dilwyn ní.

“Wọlé. Nu ẹsẹ̀.”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọrun márùn-ún ti wà lórí bẹ́ńṣì. Ẹnì kan jókòó lé tirẹ̀ nínú mọ́tò. Ìyàwó ẹnì kan sá ti ọkọ rẹ̀ sórí sítóòfù kó lè gbẹ. Oníwàásù gbàgbé láti tú ọsán tirẹ̀, ó wà ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìkórè dé ọdún Àjíǹde. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti òdìkejì odò gbé ọrun tirẹ̀ wá, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ kún un, pé wọ́n ti ń kánjú báyìí o. Ọdún pípẹ́ ni gbogbo wọn ti fi ẹ̀ṣẹ̀ wọn pa mọ́, wọ́n ń rò nínú ọkàn wọn pé bóyá Non náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Non mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sídìí fèrèsé. Ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn wọn láti ìdí dé orí, gbogbo márààrún, kò kánjú. Heulwen dúró nídìí ògiri, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí.

“Kò sí èyí tí mo ṣì nínú wọn,” Non ní. Ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà ló gbé àkọ́kọ́ kọ́ èèkàn.

“Ó yá, Heulwen. Fà á.”